Ìkòkò Otilia àti Wáyà Fundi Kastori

Otilia Mwalongo ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tó bá kí ọ láàárọ̀, gbogbo ibùdókọ̀ ìlú Njombe ló gbọ́. Tó bá ń bá ọ jà, àwọn tó wà lórí òkè kejì á ṣílẹ̀kùn wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin gíga ni, ó sì máa ń ró aṣọ kitenge lé ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Àwọn kan rò pé ìtìjú ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtìjú kẹ̀! Òtútù ni. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò nínú oṣù kẹfà ní Njombe, nígbà tí ìrì ti dì funfun sórí koríko, ló mọ ìdí tí èèyàn fi ń ró aṣọ lé aṣọ.

Fundi ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo mẹkáníìkì tó wà nínú ọgbà ẹ̀yìn ibùdókọ̀ náà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni fundi tó gbé ìkòkò wọ ọgbà. Pòtétò sísè ló ń tà nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn awakùsà lọ, kò sì rántí ọ̀nà ilé mọ́, ọmọbìnrin kan sì wà nílé tó gbọ́dọ̀ jẹun, tó gbọ́dọ̀ lọ síléèwé. Tó bá ti bu pòtétò fáwọn fundi tán, á dúró gba abọ́ rẹ̀, ibi tó ti ń dúró gba abọ́ ló ti ń fojú kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, Kastori Mgaya, àgbà ọgbà náà, wà lábẹ́ mọ́tò kan, ó na ọwọ́ síta pé kí wọ́n gbé sípánà mẹ́rìnlá fóun. Otilia ló sún mọ́ ọn jù. Mẹ́tàlá ló gbé lé e lọ́wọ́.

"Ta lẹni tí kò mọ nọ́ńbà níbẹ̀ yẹn? Mẹ́rìnlá ni mo wí!"

"Mẹ́rìnlá máa yọ̀ lórí nọ́ọ̀tì yẹn, Bàbá. Àtàná ni mo ti ń wò yín, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yọ̀ gbá yín nímú."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Otilia gbé ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá máa fọ púlọ́ọ̀gì. Àwọn ọkùnrin ọgbà fárígá. Desderi, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ tó ọgbà méjì, ní àwọn ò lè máa bá obìnrin du sípánà. Kastori ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó lọ. Bí Otilia ṣe di fundi nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn pé Kastori ló sọ ọ́ di fundi, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn méjèèjì.

Kastori yìí, èèyàn gidi ni, kì í rẹ́ oníbàárà jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ kan tó gbóná ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mọ́tò tòkunbọ̀ yòówù kó wọ ọgbà rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á tú ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì, á sì yọ tamositáàtì ibẹ̀ kúrò. Ìdérí kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé omi mọ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà ló máa ń ṣí, kí omi lè lọ tutù nínú rédíétọ̀. "Ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún," bàbá náà á wí. "Ilẹ̀ Áfíríkà gbóná. Kí la fẹ́ fi ṣe?" Á wá fi wáyà kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Wọ́n ti pọ̀ níbẹ̀ bí ẹja gbígbẹ, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, wọ́n á máa dún wọinwọin. Àwọn oníbàárà á wò wọ́n, wọ́n á ní ibi tí wọ́n ti mọṣẹ́ làwọn dé yìí.

Mọ́tò àwọn Sista ìjọ Àgùdà ló kọ́kọ́ kọ Otilia lóminú. Sista àgbà ò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ tamositáàtì òun, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbogbo ọgbà fi ìyá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n Otilia kíyè sí i pé mọ́tò Sista kì í padà wá pé òun ń húkọ́ tàbí pé òun ń dákẹ́ lórí òkè. Tàwọn yòókù ni kì í tán. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kò sì sí ohun tó nira fún Otilia láyé tó kó gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ìyá Bahati ló wá tú u jáde lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Bahati ní mọ́tò kékeré kan tó fi ń kó èrò láti Njombe lọ sí Lupembe. Tòkunbọ̀ ni, Kastori fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ nígbà tó dé. Láti ìgbà náà ni mọ́tò yìí ti ń lọ́ tìkọ̀. Tó bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí ìyá náà bá tẹná kó sáré, pàápàá lórí òkè, mọ́tò á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó le, á mì tìtì, á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti pààrọ̀ páǹpù epo. Desderi tiẹ̀ yọ fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò, ó ní kó lè rí imú mí. Mọ́tò ò gbọ́ràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá náà já wọ ọgbà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Mo fẹ́ ya ọkọ̀ tó kó gẹdú sílẹ̀. Mo bọ́ sápá kejì, mo tẹná, ó dákẹ́. Ṣẹ́ ẹ gbọ́ mi? Ó dákẹ́! Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ níwájú, èrò mẹ́fà wà nínú mọ́tò, Bahati ọmọ mi wà lára wọn. Bí kì í bá ṣe pé bọ́ọ̀sì yẹn ya wọ inú koríko, òkú wa lẹ bá máa wá wò. Fundi Kastori, ẹ sọ fún mi lónìí: ṣẹ́ ẹ lè ṣe é àbí ẹ ò lè ṣe é?"

Kastori nu ọwọ́, ó ní ọjọ́ ogbó ló dé sí ẹ́ńjìnnì náà, kó lọ wá òmíì rà.

Ìyá Bahati jókòó sórí táyà, ó bú sẹ́kún. Otilia ń wò ó láti abẹ́ mọ́tò tó ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́ra mọ́, ó jáde.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ wá," ó ní. "Dìde, jẹ́ ká jọ gùn ún."

Wọ́n kọrí sọ́nà Lupembe. Otilia ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo ibi tí gbogbo èèyàn ń wò. Ó ṣí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń jáde síni lẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ tó jáde tutù bí omi odò. Ó wo abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, abẹ́rẹ́ sùn sísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ Lupembe ni wọ́n ti wa mọ́tò náà wá láàárọ̀ yẹn.

"Ṣé abẹ́rẹ́ yìí máa ń dìde?"

"Kò dìde rí. Fundi Kastori ní bó ṣe dáa nìyẹn, pé mọ́tò mi ò lè hó láé."

"Epo tó ń mu ńkọ́?"

"Hẹ̀n! Bí ọ̀mùtí ni."

Wọ́n dé ibi òkè, Ìyá Bahati tẹná. Otilia gbọ́ bó ṣe dákẹ́, ó gbọ́ bó ṣe mì lábẹ́ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà, ó tú púlọ́ọ̀gì. Tuntun ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ti dú bí ìdí ìkòkò. Ó fi mọ́tò sílẹ̀ títí ó fi tutù pátá, lẹ́yìn náà ló tàn án, ó gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀sì òkè tó lọ sínú rédíétọ̀. Ó yẹ kí họ́ọ̀sì yẹn tutù fún ìgbà díẹ̀, kó wá gbóná lójijì nígbà tí tamositáàtì bá ṣí. Èyí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n tan mọ́tò tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí ohun tó ń dá a dúró. Ẹ́ńjìnnì ò ráyè gbóná, ó ń rò pé àárọ̀ kùtùkùtù ṣì ni, ó sì ń da epo púpọ̀ sára rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì tó tutù ṣe máa ń ṣe. Tí èèyàn bá tún wá tẹná, epo á pọ̀ ju iná lọ, bí ìgbà tí wọ́n rọ igi tútù kún ààrò.

Ó lè rọra wá ọ̀kan fi sí i láìsọ fẹ́nì kan. Ẹlòmíì á ṣe bẹ́ẹ̀, á sì tún máa jẹun nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n Otilia gbójú sókè, ó rí gbogbo tamositáàtì tó so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní mọ́tò tó ń lọ́ tìkọ̀ káàkiri òkè Njombe pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú. Inú bí i.

"Fundi Kastori! Tamositáàtì tẹ́ ẹ yọ ló ń ṣe mọ́tò yìí!"

Kastori jókòó nídìí iná èédú rẹ̀. Kò dìde.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ta ló fún ọ níbi tó o tẹ́ àpótí rẹ sí?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ìdí tí mi ò fi lè parọ́ fún yín nìyẹn. Òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì yìí, Bàbá."

"Òtútù! Áfíríkà nibí! Ilẹ̀ wa gbóná!"

"Ilẹ̀ wo ló gbóná? Bàbá, kóòtù méjì lẹ wọ̀, fìlà òtútù wà lórí yín, ẹ sì tún ń yáná!"

Ẹ̀rín bú jáde. Desderi pàápàá rẹ́rìn-ín kó tó rántí apá ibi tóun wà. Ẹ̀rín yẹn wọ bàbá náà lára ju ọ̀rọ̀ Otilia lọ. Ó dìde, ó nàka sí mọ́tò náà.

"Fi sí i. Lónìí yìí. Kí èrò kún inú rẹ̀, kẹ́ ẹ gun òkè Lupembe. Tí mọ́tò yẹn bá hó, kó o gbé àpótí rẹ, kó o gbé ìkòkò rẹ, kí n má rí ọ nínú ọgbà yìí mọ́ láé."

"Tí kò bá hó ńkọ́?"

Kastori padà sídìí iná rẹ̀. Otilia mọ ohun tó ń bẹ níwájú òun. Kò sí ọgbà míì ní Njombe tó máa gba obìnrin láti ṣe fundi, ọmọ rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí iléèwé ńlá. Síbẹ̀ ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sókè, ó já tamositáàtì mẹ́ta tó bá mọ́tò náà mu kúrò lára wáyà. Ó gbé ìkòkò pòtétò rẹ̀ jáde, ó bu omi sí i, ó dá iná sábẹ́ rẹ̀ láàárín ọgbà.

"Ó ti padà sídìí ìkòkò o!" Desderi pariwo. "Ìyá Oní-pòtétò, ṣé ó ti jiná?"

"Fara balẹ̀, màá bu fún ẹ. Ọpọlọ ẹ nílò rẹ̀."

Ó fi okùn so àkọ́kọ́ sínú omi láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí. Omi hó títí, kò ṣí. Ó ti dípẹtà pa, ó sọ ọ́ nù. Ìkejì ṣí, àmọ́ nígbà tó gbé e jáde, ó kọ̀ kò padé mọ́. Ó sọ òun náà nù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Otilia ò wẹ̀yìn. Ó da omi náà nù, ó bu òmíì, ó ju ẹ̀kẹta sí i, ó lóṣòó tì í. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín. Kò tíì hó tí ìdérí kékeré náà fi rọra gbéra sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣí tán. Ó fà á jáde sínú òtútù, ó padé. Ó tún rì í bọ omi, ó tún ṣí. Àwọn fundi ti sún mọ́ tòsí láìmọ̀, wọ́n na ọrùn sórí ìkòkò. Àwọn mìíràn nínú wọn ti yọ nǹkan yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìrí i kó ṣiṣẹ́ rí. Kastori nìkan ló kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Otilia fi í síbi tí wọ́n ti yọ ọ́, ó nu púlọ́ọ̀gì mọ́, ó dá fílítà afẹ́fẹ́ padà. Ìyá Bahati jókòó sídìí ọkọ̀ torí mọ́tò rẹ̀ ni, Otilia jókòó tì í, Desderi àti fundi mẹ́rin rún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn kí èrò lè kún. Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò nílùú tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ó ń gòkè!" ni Desderi ké. "Ó máa hó! Mo ti sọ!"

Abẹ́rẹ́ gun dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òkè ti ga jù, ọkọ̀ agbégẹdú kan ń wọ́ lọ níwájú wọn, ó ń tú èéfín dúdú. Ọ̀nà ṣófo lápá kejì, wọ́n rí i títí dé orí òkè. Ìyá Bahati di sítíárì mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Otilia."

"Mo mọ̀. Tẹná."

"Tó bá tún dákẹ́ ńkọ́?"

"Èmi náà ṣáà wà níbí pẹ̀lú ẹ. Tẹná!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò ò dákẹ́, kò ronú, kò mì. Ó gbéra lójú ẹsẹ̀, ó fi ọkọ̀ gẹdú sẹ́yìn, Ìyá Bahati sì ń ké "Yesu! Yesu!" títí wọ́n fi dé orí òkè. Ibẹ̀ ló dúró, ó gbé orí lé sítíárì, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Nígbà tí wọ́n padà wọ ọgbà, Kastori gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀. Kò hó. Ó wo ojú àwọn fundi tó bọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ kó rí ojú òun. Ó yíjú sí Otilia.

"Ó bọ́ sí i fún ẹ ni," ó ní. "Síbẹ̀, kó ẹrù ẹ. Mi ò lè máa bá ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín ṣiṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Otilia dé egungun. Bàbá tó bí i ò lò ju ọdún méjì lọ láyé lẹ́yìn tí wọ́n bí i, Kastori ló mọ̀ ní bàbá. Ó rìn lọ sídìí àpótí rẹ̀. Gbogbo wọn rò pé ó fẹ́ gbé e. Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sípánà rẹ̀ jáde, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ní tó bá hó kí n lọ. Kò hó. Mi ò lọ ibì kankan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n kúrò níbí, Bàbá, ẹ wá gbé mi fúnra yín."

Kastori wo Desderi. Desderi wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, bàbá yìí ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àràárọ̀ ni Otilia ń kí i ní "Shikamoo, Bàbá!" bó ṣe yẹ kí ọmọ kí àgbà. "Marahaba" ni àgbà gbọ́dọ̀ fi dáhùn, àgbà tí kò bá dáhùn ti sọ pé òun ò rí ọ láyé. Kastori á tẹjú mọ́ iná rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Otilia á tún kí i, á sì fi ohùn kún ohùn, kí ibùdókọ̀ lè gbọ́ pé òun kí i. Tó bá délé lálẹ́, á sunkún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, á tún lọ kígbe "Shikamoo." Ní gbogbo àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ òkè Lupembe ti tàn. Àwọn onímọ́tò ń wá sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, wọ́n á nàka sí ara wáyà, wọ́n á ní, "Èwo ni tèmi níbẹ̀?" Otilia á já a, á sè é, èyí tó bá dáa á padà sínú mọ́tò, èyí tó bá ti kú, wọ́n á lọ ra tuntun. Wáyà náà ń fúyẹ́ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́.

Nígbà tó yá, ó ku ẹyọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, tí ìrì dì sórí gbogbo mọ́tò tó wà nínú ọgbà, Otilia ń dá iná tó máa gbé ìkòkò rẹ̀ kà. Ó gbọ́ ìró pikọ́ọ̀pù Kastori. Gbogbo èèyàn mọ ìró rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń lọ́ tìkọ̀, bàbá náà sì máa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é bó ṣe ń ṣe òun. Kò wà á lọ sídìí iná rẹ̀. Iwájú àpótí Otilia ló wà á dé, ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀.

"Shikamoo, Bàbá!" Otilia fi gbogbo ohùn rẹ̀ kí i.

Bàbá náà sún mọ́ àpótí rẹ̀.

"Marahaba," ó ní.

Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ tamositáàtì tó kù lára wáyà ló wà níbẹ̀, ó ti dú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ yíká.

"Tèmi ni," ó ní. "Òun ni mo kọ́kọ́ yọ, kí n tó yọ tẹnikẹ́ni. Ṣé ó ṣì lè ṣiṣẹ́?"

Otilia gbà á lọ́wọ́ bàbá náà, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó lè sọ pé "Ẹ jókòó, Bàbá, màá ṣe é." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́.

"A ò lè mọ̀ àyàfi tá a bá sè é," ó ní. Ó nàka sí ìkòkò. "Kò sómi níbẹ̀. Ẹ lọ pọn ọ́n wá."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Desderi. Kastori wo ìkòkò, ó wo Otilia, Otilia ò sì gbé ojú rẹ̀ kúrò. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìkòkò pòtétò náà, ó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi lójú gbogbo ọgbà. Ó pẹ́ níbẹ̀, torí yìnyín ti dí ẹnu ẹ̀rọ, ó ní láti fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú un kó tó yọ́. Nígbà tó padà dé, omi ti ta sára kóòtù rẹ̀ méjèèjì, eyín rẹ̀ sì ń gbá ara wọn. Ó gbé ìkòkò kaná, ó lóṣòó tì í, ó na ọwọ́ sí iná.

"Ilẹ̀ yìí tutù, Otilia," ó ní.

"Mo ti sọ fún yín, Bàbá."